Ìwádìí Kan, Ẹ̀ka Ọlọ́pàá Mẹ́ta: Bí A Ṣe Ń So Wọ́n Pọ̀ Kí Ẹjọ́ Má Bàa Dàrú

Ẹ̀ka kan ti ń ṣọ́ afurasí kan fún oṣù mẹ́rin. Ẹ̀ka kejì, tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, lọ gbé ọkùnrin náà nítorí ọkọ̀ jíjí, ilé ẹjọ́ sì fún un ní béèlì lọ́jọ́ kejì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo fóònù tí ẹ̀ka àkọ́kọ́ ń tọpa ti kú, ẹrù ti kúrò níbi tí wọ́n kó o pamọ́ sí, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ibi náà ti fọ́nká. Ẹ̀ka méjèèjì ló ṣe iṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ. Ẹni tí ì bá so iṣẹ́ wọn pọ̀ ni kò sí.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ìsopọ̀ yẹn lé lọ́wọ́. Òfin ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí i pé mo ní kí ẹ bi agbẹjọ́rò ìjọba, ẹ bi í lóòótọ́, kí ẹ sì gba ìdáhùn rẹ̀ ní kíkọ.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Alárinà kan ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú igbákejì rẹ̀, àti nọ́ḿbà tí a lè fi pè wọ́n ní òru. Ẹ má gba "ẹ pe ọ́fíìsì wa" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn.
- Agbẹjọ́rò ìjọba kan tó mọ fáìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n máa pè lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá dé kóòtù.
- Nọ́ḿbà ẹjọ́ kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀ka yóò máa kọ sórí ìwé, àpò ẹ̀rí àti ìmeèlì. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ti àjọṣe ni kó ṣáájú.
- Ibi ìkófáìlìsí orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹni tó ṣí fáìlì àti ìgbà tó ṣí i. Ẹgbẹ́ WhatsApp kò lè rọ́pò èyí, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè pa ohun tó kọ rẹ́ níbẹ̀, ẹ kò sì lè fi hàn ní kóòtù ẹni tó rí kí ni nígbà wo.
- Ìwé iṣẹ́ tó ní òpó márùn-ún: ohun tí a fẹ́ ṣe, orúkọ ẹni tí yóò ṣe é, ọjọ́ tí a fún un, ọjọ́ tó parí, àbájáde.
- Àpò ẹ̀rí, èdìdì tó ní nọ́ḿbà, àti ìwé ìtọpa ẹ̀rí tó jẹ́ irú kan náà ní gbogbo ẹ̀ka.

Ìpele 1: Ẹ wádìí bóyá ẹlòmíràn ti wà lẹ́nu rẹ̀

Kí ẹ tó rán ọlọ́pàá kan lọ ṣọ́ ilé ẹnikẹ́ni, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ka yòókù. Ẹ má sì fi orúkọ nìkan bèèrè. Orúkọ ni afurasí lè yí padà jù, òun náà ni àwọn akọ̀wé máa ń kọ ní oríṣiríṣi: ẹ̀ka kan fi àmì ohùn sí i, òmíràn kò fi sí i, ẹ̀kẹta gbé orúkọ ìdílé síwájú. Ẹ fi ìwọ̀nyí wá a pẹ̀lú:

- nọ́ḿbà fóònù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ òdo iwájú tàbí nọ́ḿbà orílẹ̀-èdè kúrò;
- nọ́ḿbà ọkọ̀, láìsí àlàfo tàbí ìlà láàárín;
- nọ́ḿbà àkáǹtì báǹkì;
- ọjọ́ ìbí, kí ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ kẹ́yìn. Bí ẹ bá kọ 03/04/1988, ẹ̀ka kan á kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, ẹ̀ka kejì á kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, àwárí yín á sì já sí òfo;
- IMEI fóònù, ìyẹn nọ́ḿbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ fóònù fúnra rẹ̀.

IMEI yìí gba àfiyèsí. Ẹyọ nọ́ḿbà 15 ló ní. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún kì í ṣe ara ìdánimọ̀ fóònù gan-an, àmì àyẹ̀wò tí a ṣírò láti inú 14 tó ṣáájú rẹ̀ ni, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù kan sì máa ń kọ 0 sí ipò rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìpè. Bí ẹ̀ka kan bá ka IMEI láti ara fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn, tí ẹ̀ka kejì rí i nínú ìwé iléeṣẹ́ tẹlifóònù, fóònù kan náà lè dà bí méjì lójú kọ̀ǹpútà. Nọ́ḿbà 14 àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi wé ara wọn. Ẹ sì rántí pé fóònù tó ń gba síìmù méjì ní IMEI méjì. Ẹ wá méjèèjì.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* ẹnì kan pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka kejì, ọ̀rẹ́ ní "kò sí," wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn fáìlì kan wà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò lè rí, pàápàá èyí tó ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú. Ẹ kọ ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí alárinà, kí ẹ sì sọ pé orúkọ ẹni tí ẹ lè bá sọ̀rọ̀ nìkan lẹ fẹ́, pé ẹ kò bèèrè ohun tó wà nínú fáìlì. Ẹni tó ń ṣọ́ àṣírí rẹ̀ á lè dáhùn láìtú u.

Iye tí àìsopọ̀ ń náni wà nínú ìtàn Peter Sutcliffe, ọkùnrin tó pa ọ̀pọ̀ obìnrin ní England. Ìgbà mẹ́sàn-án ni ọlọ́pàá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1981. Orí káàdì pépà ni ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ wà, káàdì kan kò sì mọ̀ nípa èkejì.

*Àyẹ̀wò:* ìdáhùn kíkọ wà lọ́wọ́ yín láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ó sọ ohun tí wọ́n fi wá a àti ọjọ́ tí wọ́n wá a. Nọ́ḿbà tiyín náà ti wà nínú àkọsílẹ̀ wọn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wá a lọ́la, ẹ̀yin ni yóò kàn.

Ìpele 2: Ẹ yan ẹ̀ka aṣíwájú

Ẹ̀ka tó kọ́kọ́ ṣí fáìlì kọ́ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Ẹ wo ibi tí ìpalára ti pọ̀ jù, ibi tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí wà, ilé ẹjọ́ tó lágbára láti gbọ́ gbogbo ẹ̀sùn pọ̀, àti ẹ̀ka tó ní àwọn òṣìṣẹ́ tó lè gbé e dópin. Bí ìwọ̀nyí bá ta kora, kí ti ilé ẹjọ́ borí: ẹ̀rí tó dára, tó wà níwájú adájọ́ tí kò láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà, òfo ni.

Ẹ bi agbẹjọ́rò ìjọba léèrè báyìí, kì í ṣe lẹ́yìn ìmúni, bóyá ẹ̀sùn kékeré tí ẹ̀ka kan bá kọ́kọ́ parí lè dí ẹ̀sùn ńlá lọ́nà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin kò gbà kí a dá ẹnì kan lẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí ìṣe kan náà. Mo rò pé ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú ìpele yìí, òun sì ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé.

*Àyẹ̀wò:* bí ẹ bá bi alárinà mẹ́ta léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé "ta ló ni ìpinnu ìkẹyìn?" orúkọ kan náà ni kí wọ́n dá.

Ìpele 3: Ẹ kọ àdéhùn ojú ìwé méjì

Kó má gùn, kí wọ́n lè kà á. Kó dáhùn àwọn ìbéèrè yìí: kí ni ìwádìí yìí ń wá, kí sì ni kò wá? Ẹ̀ka wo ni yóò máa tọ́jú ẹ̀rí? Ta ni yóò san owó ìrìnnà, àyẹ̀wò yàrá sáyẹ́ǹsì àti ìtumọ̀ èdè? Ta nìkan ló lè bá akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀? Bí ẹ̀ka méjì bá kọlu ara wọn lórí ìpinnu kan, ọ̀gá wo ni yóò dá a, láàárín wákàtí mélòó? (Wákàtí 24 tó fún ọ̀rọ̀ lásán. Fún ohun tó kan ẹ̀mí, ìpè kan ni.)

Ẹ fi gbólóhùn kan kún un nípa atanilólobó àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: orúkọ wọn kò ní wọ ibi ìkófáìlìsí àjọṣe láé. Nọ́ḿbà àṣírí ni wọn yóò máa lò, ẹni tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nìkan ni yóò mọ ẹni tó ni nọ́ḿbà náà. Bí fáìlì yìí bá jò, ẹ̀mí ènìyàn ló máa bá a lọ.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* àwọn ọ̀gá fọwọ́ sí àdéhùn, àwọn tó wà lójú iṣẹ́ kò rí i rárá. *Àyẹ̀wò:* òṣìṣẹ́ tí ipò rẹ̀ kéré jù lórí iṣẹ́ náà mọ ẹni tí òun yóò pè bí akọ̀ròyìn bá pe òun.

Ìpele 4: Ẹ máa béèrè nǹkan lọ́nà tí a fi lè ṣe é

"Ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa wádìí ọkùnrin yìí" kì í ṣe ìbéèrè. Ẹni tó gbà á kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì fi sí ìsàlẹ̀ tábìlì. Ìbéèrè tó ṣeé ṣe sọ nǹkan mẹ́fà: ohun tí a fẹ́ gan-an, ìdí tí a fi fẹ́ ẹ, òfin tó fún wa láṣẹ, ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, bí a ṣe fẹ́ kó dé, àti ohun tí a kò fẹ́ kí wọ́n ṣe. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń gba ìwádìí là: "Ẹ má bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí báǹkì sọ fún un pé a bèèrè."

Ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bàjẹ́. Ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán kámẹ́rà máa ń kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí nígbà tí ààyè rẹ̀ bá kún, ó sì lè má ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ti fóònù ló tẹ̀ lé e. Ìwé ilé àti ilẹ̀ lè dúró.

Bí ohun tí ẹ ń wá bá wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ìgbésẹ̀ méjì ni. Àkọ́kọ́, ẹ ní kí wọ́n fi pamọ́ kó má bàa parẹ́. Ìkejì, ẹ wá àṣẹ láti gbà á. Àdéhùn Budapest ti ọdún 2001 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà gba àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ láyè láti pàṣẹ ìfipamọ́ tó lè tó 90 ọjọ́, a sì lè tún un ṣe. Ó tún ní kí olúkúlùkù wọn ní ibi tí a lè kàn sí tọ̀sán tòru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ìwé ìfipamọ́, ọkàn wọn balẹ̀, wọn kò wá àṣẹ láti gbà á títí 90 ọjọ́ fi pé. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí sínú ìwé iṣẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ gbà á.

*Àyẹ̀wò:* láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì, ẹni tó gbà á ti kọ̀wé padà pé òun ti rí i, ó sì ti dárúkọ ẹni tí yóò ṣe é.

Ìpele 5: Ẹ̀rí àti aago

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, nítorí ibí ni agbẹjọ́rò afurasí máa ń tẹjú mọ́.

Nígbà tí ẹ̀rí bá ń kúrò ní ẹ̀ka kan lọ sí òmíràn, ẹni tó ń gbé e sílẹ̀ àti ẹni tó ń gbà á gbọ́dọ̀ jọ wo nọ́ḿbà èdìdì, kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n kọ aago, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá já èdìdì láti yẹ ẹrù wò, wọn kò gbọ́dọ̀ ju èyí tí wọ́n já nù. Inú àpò tuntun ni ẹrù náà àti èdìdì àtijọ́ ń wọ̀, pẹ̀lú nọ́ḿbà tuntun lórí ìwé. Kò sí àlàfo alẹ́ kan láàárín. Bí ẹ̀rí bá sùn sínú bùùtù ọkọ̀, kí ìwé sọ pé inú bùùtù ọkọ̀ ló sùn, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ àti ibi tí ọkọ̀ náà wà. Òtítọ́ tí kò dára ṣeé ṣàlàyé, àlàfo kò ṣeé ṣàlàyé.

Fún ohun orí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣírò hash SHA-256 rẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò láti inú fáìlì, tó máa yí padà bí fáìlì bá yí padà. Àmì 64 ló máa ń jáde. Ẹ fi fáìlì gba ọ̀nà kan, kí ẹ fi hash gba ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó gbà á yóò tún un ṣírò, yóò sì fi wé tiyín. Bí àmì kan péré bá yàtọ̀, kó má ṣí i, kó pè yín. Ẹ̀dà ni kí ẹ máa ṣiṣẹ́ lórí, kí ojúlówó wà nínú àpò.

Ó wá ku aago. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan tímọ́tímọ́. Òṣìṣẹ́ dé ibi tí kámẹ́rà wà. Ojú ẹ̀rọ kámẹ́rà sọ pé 14:07:30. Fóònù rẹ̀, tó ń gba aago lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sọ pé 13:55:10. Ó ya àwòrán méjèèjì pọ̀ sínú fọ́tò kan. Aago kámẹ́rà fi ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú àáyá 20 sáré síwájú. Nítorí náà, ọkọ̀ tí kámẹ́rà fi hàn ní 14:20:00, 14:07:40 ló kọjá níbẹ̀ gan-an. Ẹ̀ka kejì wá mú àkọsílẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì wá pé fóònù afurasí ṣiṣẹ́ ní 13:07:40, ẹnì kan sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé afurasí kò lè wà nínú ọkọ̀ yẹn. Aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò gbogbo àgbáyé, ni àkọsílẹ̀ náà, ibi tí kámẹ́rà wà sì fi wákàtí kan ṣáájú UTC. Ìṣẹ́jú kan náà ni méjèèjì ń sọ.

Ẹ má tún aago kámẹ́rà ṣe. Ẹ kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Nínú fáìlì àjọṣe, òpó mẹ́ta ni kó wà fún àkókò: aago bí ẹ̀rọ ṣe kọ ọ́, ìyàtọ̀ rẹ̀, àti UTC.

*Àyẹ̀wò:* ẹ mú ẹ̀rí kan láìyàn, kí ẹni tí kò sí lórí iṣẹ́ náà fi ìwé nìkan sọ ibi tó wà ní gbogbo alẹ́ láti ọjọ́ tí ẹ gbà á. Bí kò bá lè sọ alẹ́ kan, ẹ tún un wá lónìí tí ẹni tó mọ̀ ṣì rántí.

Ìpele 6: Àṣẹ ilé ẹjọ́

Ìwé àṣẹ tí adájọ́ agbègbè kan fọwọ́ sí lè má ṣiṣẹ́ ní agbègbè kejì. Ẹ bi agbẹjọ́rò ìjọba nípa ilé kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí adájọ́ méjì bá máa fọwọ́ sí ìwé méjì, kí àlàyé tí ẹ búra lé lórí níwájú wọn bára mu. Kí ẹnì kan ṣoṣo kọ apá tó jọra, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi tirẹ̀ kún un. *Àyẹ̀wò:* àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé àti ilé tí òṣìṣẹ́ lọ wò lójú jẹ́ ọ̀kan, títí dé àwọ̀ ilẹ̀kùn.

Ìpele 7: Ọjọ́ ìmúni

Bí ẹ̀ka mẹ́ta bá máa wọ ilé mẹ́ta, ẹnì kan ló ń pàṣẹ, aago kan sì ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Ẹ kọ aago náà sórí ìwé ìpàṣẹ pẹ̀lú UTC àti aago ìbílẹ̀ ibi kọ̀ọ̀kan.

1. Ní wákàtí méjì ṣáájú, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jíṣẹ́ pé afurasí wà nílé tàbí kò sí. Ẹ ti gbọ́dọ̀ pinnu tẹ́lẹ̀ ohun tí ẹ máa ṣe bí ọ̀kan kò bá sí.
2. Ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú, ẹ tún bèèrè lọ́wọ́ alárinà gbogbo bóyá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kankan wà ní àdúgbò náà. Ìbọn ọlọ́pàá ti ba ọlọ́pàá rí nítorí ìbéèrè yìí tí a kò bi.
3. Aláṣẹ nìkan ló ń sọ pé "ẹ wọlé." Bí ohùn rẹ̀ kò bá dé, ìwé ìpàṣẹ gbọ́dọ̀ ti sọ bóyá kí wọ́n wọlé ní aago tí a dá tàbí kí wọ́n dúró. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún ọgbọ́n orí.
4. Fóònù tí ẹ bá ká mọ́ afurasí lọ́wọ́ ní ṣíṣí, ẹ má jẹ́ kó tì, ẹ má sì pa á. Ẹ já a kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ fi sínú àpò tó ń dí ìgbì, ẹ so bátìrì mọ́ ọn. Fóònù tó bá kú tó sì tún tàn máa ń ti àṣírí inú rẹ̀ le ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó ṣì wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹlòmíràn lè nù ún láti òkèèrè.
5. Kọ aago tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, dé ìṣẹ́jú. Láti ìgbà yẹn ni òfin ti ń ka wákàtí àtìmọ́lé ní ọ̀pọ̀ ibi, ìrìn àjò láti agbègbè kan sí èkejì sì lè wà nínú kíkà náà. Agbẹjọ́rò ìjọba ti gbọ́dọ̀ sọ fún yín kí ọjọ́ yìí tó dé.

*Àyẹ̀wò:* láàárín wákàtí kan, orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ mú, aago wọn, ibi tí wọ́n wà àti iye wákàtí tó kù kí wọ́n fojú ba kóòtù wà lórí ìwé kan níwájú aláṣẹ.

Ìpele 8: Ohun tí ẹ̀ka kan mọ̀, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n

Kí ẹ tó fọ̀rọ̀ wá afurasí kejì lẹ́nu wò, ẹ ka ohun tí ti àkọ́kọ́ sọ. Èyí rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ìmúni, ó ti ń rẹ gbogbo ènìyàn. Ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kíkó ọ̀rọ̀ láti yàrá kan sí èkejì lọ.

Ohun tó gbè afurasí lẹ́sẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wọ fáìlì. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ nínú ẹjọ́ Brady v. Maryland ní ọdún 1963 pé agbẹjọ́rò ìjọba kò gbọ́dọ̀ fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ pamọ́. Ní ọdún 1995, nínú Kyles v. Whitley, ó sọ pé èyí tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá nìkan náà wà nínú rẹ̀. Ẹlẹ́rìí tó sọ fún ẹ̀ka kejì pé afurasí kò sí níbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, tí ẹ̀ka aṣíwájú kò sì gbọ́, lè tú ẹjọ́ ọdún mẹ́ta ká. Ó sì lè jẹ́ òun ló ń sọ òtítọ́, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì wà ní àtìmọ́lé.

*Àyẹ̀wò:* kí fáìlì tó lọ sí kóòtù, alárinà kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé pé òun ti wá gbogbo ibi tí ẹ̀ka òun ń kó nǹkan sí, títí kan ìwé àjákọ òṣìṣẹ́ àti ìmeèlì, pé kò sí ohun tó kù tí kò sí nínú fáìlì àjọṣe. Ẹni tí kò bá lè fọwọ́ sí i, ẹ fún un lọ́jọ́ méjì sí i kó padà lọ wá a.